Mo Pa Á, N Ò Pa Á

Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tó ń rú èéfín wá sí ìsọ̀ rẹ̀, ọkùnrin yìí kò ní fọwọ́ kàn án. Á fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn, á jókòó, á sì ní, "Ẹ jẹ́ ó tutù ná." Oníbàárà lè máa ké, ó lè máa wo aago, ó lè ní iṣẹ́ òun ń bàjẹ́, èsì kan náà ni yóò gbọ́. Gbólóhùn yìí pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Jẹ́-ó-tutù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ náà kì í pè é ní nǹkan mìíràn bí inú bá ń bí i.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ju pé irin tó bá gbóná a máa wú, a sì máa di ara rẹ̀ mú. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná jù lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní yí, kó sì jọ òkú lójú ẹni tó ń wò ó. Bó bá tutù tán, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀, á yí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ti kéde òkú kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti fi òòlù ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Ogójì ọdún ni Jẹ́-ó-tutù fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló sì jẹ ọdún mọ́kànlá nínú ayé rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sì sí oníbàárà kankan. Jẹ́-ó-tutù jókòó lábẹ́ páànù ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi kẹrosín fọ ọmọ irin kan tí kò dọ̀tí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ní ìsọ̀ kejì, Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin, tí ẹnu rẹ̀ mú ju iná ọwọ́ rẹ̀ lọ, ń kọrin fún ara rẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin kan ya wọlé láti inú òjò, ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó sì dúró. Jẹ́-ó-tutù gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan nínú kẹrosín.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni. Aránṣọ ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí obìnrin yìí ti wá sọ́dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àbúrò tó so wọ́n pọ̀ ti kú, oṣù kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ́gbà ilé ẹ̀kọ́ kan ló jẹ́ títí dé òpin; àyà ló ń dùn ún, ó wúkọ́ títí, ó sì lọ. Jẹ́-ó-tutù lọ síbi ìsìnkú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló dúró sí, lẹ́bàá ògiri, ó sì ti yọ́ lọ kí wọ́n tó bo ilẹ̀ tán. Ọmọ ìyá olóògbé, tó dúró bí ẹni tó ṣi ilé yà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó wa," ó ní. "Òjò ńlá yìí lo là wá? Jókòó, jàre."

Aránṣọ kò jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ, ó sì gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn sípánà. Wọ́n fi wáyà pupa wé orí kọ́kọ́rọ́ náà. Kò pọn dandan kí Jẹ́-ó-tutù wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì rẹ̀ wà nínú àpótí òun nílé, wáyà dúdú ló wà lórí tiẹ̀. Bàbá wọn ló wé méjèèjì, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀. Ẹrù ẹ̀ ni mò ń tú." Ó nu ojú rẹ̀ nù, bóyá òjò ni, bóyá kì í ṣe òjò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Gbogbo ìparí oṣù, ọkọ mi á wọ ṣòkòtò yẹn, á ní òun ń lọ wo aláìsàn kan. Tí n bá bi í pé aláìsàn wo, á rẹ́rìn-ín. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀. Mo ti fa ẹ̀wù ya mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ̀wù tí mo fọwọ́ ara mi rán. Mo rò pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ọ́ìlì ni ara ẹ̀ máa ń rùn. Obìnrin wo ló ń rùn bí ọ́ìlì?"

Jẹ́-ó-tutù yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú kẹrosín.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn ilé ìlagi yẹn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń lọ wò. Ìkejì ni pé, ó rán mi sí yín kó tó kú, mo sì ti gbé iṣẹ́ náà kiri fún oṣù mẹ́rin, n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jẹ́ ẹ. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun pa á ni, òun ò pa á."

Ní ìsọ̀ kejì, orin Wẹ́dà dúró. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ sì ti ń fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òkú ọ̀run ni wọ́n ń sọ. Ó gbé ẹ̀rín náà mì, ó sì wo ilẹ̀.

Kí ohun tó fẹ́ pa Wẹ́dà lẹ́rìn-ín lè yé yín, ó di dandan kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ilé ìlagi ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi páànù bò, lẹ́yìn ilé tí wọ́n bí wọn sí. Àárín rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà jókòó sí, dúdú, ó ga dé àyà ènìyàn, ó ní wílì irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti bẹ́líìtì gígùn tó ń fa ayùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí i. Ẹnìkan á ki irin ìyí bọ̀ ọ́ nídìí, á máa fi gbogbo agbára yí i. Ẹnìkejì á gbé ọmọ irin kékeré kan tó wà lórí rẹ̀ dání, kí ó lè rọ ẹni tó ń yí i lọ́rùn. Bó bá ti ń sáré dáadáa, ẹni tó ń yí i á ké pé, "Fi sílẹ̀!" ẹnìkejì á ju ọmọ irin náà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbiná. Òfin bàbá wọn ni pé ẹnìkan kì í dá a jí, nítorí ó lè ṣẹ́ni lápá. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń yí i, àbúrò ló máa ń fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ní àràárọ̀, láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn rò ó pé ìfẹ́ ni wọ́n ń fi hàn síra wọn.

Nígbà tó yá, àbúrò ní ẹ̀rọ náà ti gbó, kí àwọn tà á, kí àwọn ra èyí tó ń lo iná mànàmáná. Ẹ̀gbọ́n ní ta ló ń ta bàbá ẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àbúrò, tí àwàdà kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, wá ní níṣojú àwọn oníbàárà, "Ẹ̀rọ yìí ló máa pa wá, bí mi ò bá tètè pa á." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Jẹ́-ó-tutù wà níta tó ń wọn pákó fún oníbàárà kan, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ké gbàgà-gbàgà-gbàgà bí ẹni ń fi òòlù na agbada irin. Kó tó yíjú, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ lọ́ gbári. Ó sáré wọlé. Èéfín ti gba ilé. Àbúrò rẹ̀ dúró ti ẹ́ńjìnnì náà.

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni mo pa á, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. A ń pa iná, a ń pa ejò. A ń pa ilẹ̀kùn dé, a ń pa irọ́, a ń pa àlọ́. Ẹni tó bá ní òun pa ẹ́ńjìnnì, ó lè jẹ́ pé ṣe ló dá a dúró, bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́; ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni. Ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ló ń mú èyí tó wù ú, ọkàn Jẹ́-ó-tutù sì ti mú tiẹ̀ kó tó wọlé. Ó já irin ìyí gbà, ó tì í bọ ìdí ẹ́ńjìnnì, ó fi gbogbo ara lé e. Kò yí. Ó tún fi ara lé e. Kò mì rárá.

"O pa á! O sọ pé wàá pa á, o sì pa á lóòótọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Jáde! Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ níbí mọ́!"

Ẹ́ńjìnnì náà gbóná débi pé itọ́ tó ta sí i lára nígbà tó ń pariwo hó lójú ẹsẹ̀. Jẹ́-ó-tutù, ọ̀gá àwọn tó ń ní kó tutù ná, ti ilé náà pa kí oòrùn tó wọ̀, kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ó wá ìsọ̀ síbòmíràn, ó ń tún ẹ̀rọ ẹlòmíràn ṣe. Bó bá ń lọ sílé, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà kí ojú rẹ̀ má baà kan páànù ilé ìlagi náà. Àbúrò wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Wẹ́dà ló rán. Wẹ́dà dúró láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an: "Àbúrò yín ní kí n sọ fún yín pé òun pa á ni, òun ò pa á." Ẹ̀rín sọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ṣẹ́ bóòtù tàbí tó fọ́ gíláàsì, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Mo pa á, n ò pa á o!" Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jẹ àwàdà yìí. Òótọ́ ló sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, gedegbe, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ ọ. Jẹ́-ó-tutù ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ní báyìí, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú. Ká tiẹ̀ ní kò kú nígbà yẹn, ọdún mọ́kànlá rèé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán."

"Tó bá ti kú, ẹ fi hàn mí. Màá gbà pé ọkọ mi purọ́ fún mi lórí ẹní àìsàn, màá sì panu mọ́. Tí kò bá kú ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Jẹ́-ó-tutù. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbínú ló gbé e ní gbogbo ọdún yẹn. Ìbínú ti tán tipẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti kú, a jẹ́ pé òun jàre, àbúrò rẹ̀ ló wá ọ̀ràn fún ara rẹ̀. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé ó lé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde lórí asán, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sínú òjò. Wẹ́dà tẹ̀ lé wọn láìjẹ́ pé ẹnìkan pè é.

Àgádágodo tó ti wà lójú òjò láti ọdún yẹn ṣí wẹ́rẹ́ bí èyí tí wọ́n rà lánàá. Wọ́n ti fi ọ́ìlì sí i. Nínú ilé, alántakùn ti gba gbogbo igi àjà, ayùn ti dípẹtà títí ó fi pupa, eku ti jẹ bẹ́líìtì ku ìlàjì. Ìyẹ̀fun pákó tó wà nílẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Ṣùgbọ́n ní àárín ilé, aṣọ nípọn kan bo ohun kan mọ́lẹ̀, aṣọ olódòdó tí wọ́n rán létí yípo.

Aránṣọ ké. "Aṣọ ojú fèrèsé mi! Aṣọ ojú fèrèsé mi rèé! Ìyá tó wà ní yàrá kejì ni mo fẹ̀sùn ẹ̀ kàn, a ò kí ara wa fún ọdún méjì!"

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Ó ká aṣọ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán fún ọ́ìlì. Wọ́n ti fi àkísà dí ẹnu páìpù èéfín kí omi àti eku má baà wọ̀ ọ́.

"Òun ni aláìsàn náà," ó ní. "Ọkọ mi, òun lò ń wá wò. Tí mò ń fa ẹ̀wù ya mọ́ ọ lọ́rùn."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Wẹ́dà ń wò. Ẹnìkan ti fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń fi ìka kà á, títí ó fi dé mẹ́rìndínláàádóje. Ìlà oṣù kọ̀ọ̀kan ni. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn wà nílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì wọ́, bí ìgbà tí ẹni tó fà wọ́n ti jókòó kó tó lè gbé ọwọ́.

Irin ìyí wà níbi tó máa ń wà. Jẹ́-ó-tutù mú un, ó tì í bọ̀ ọ́, ó gbé ọmọ irin orí ẹ̀ sókè, ó sì ti irin náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

Ó yí.

Jẹ́-ó-tutù fa irin náà yọ. Ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó mú irin náà dání síbẹ̀.

"Ó yí, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó yí." Ó gbé irin náà sórí itan rẹ̀. "Ṣùgbọ́n yíyí kọ́ ni jíjí. Inú ẹ̀ lè ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ó..." Kò parí rẹ̀; ó na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú táǹkì ti ki bí oyin, ó sì dúdú. Wọ́n dà á nù, wọ́n fi kẹrosín ṣan táǹkì náà nígbà mẹ́rin. Jẹ́-ó-tutù tú páìpù wẹ́wẹ́ tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, kò fẹ́. Ó fi wáyà tín-ínrín gún un títí ọ̀nà fi là. Ó tú orí ẹ̀ wò. Inú rẹ̀ mọ́, ó ń dán. Bí ó ti ń rí ohun tó dára, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ro sí i. Ẹlòmíràn tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó ń wá ohun tó bàjẹ́ kó lè tún un ṣe. Òun ń wá ohun tó bàjẹ́ kó lè sùn. Aránṣọ máa ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́sàn-án, á jókòó sórí ìtì igi, á máa wò wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Jẹ́-ó-tutù dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti tú ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Nọ́ọ̀tì tó dí ihò ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì náà. Bóòtù kékeré kan ni, tí wọ́n fi aṣọ wé kó lè há. Ó yà á lẹ́nu. Ó dìde, ó wá gbogbo pẹpẹ, ó sì rí nọ́ọ̀tì gidi náà nínú agolo kan, òun nìkan. Ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò ṣẹ́, kò sán, eyín rẹ̀ pé pérépéré.

Ibẹ̀ ló ti rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ló pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó dá nọ́ọ̀tì náà padà, ó fi ìka yí i wọlé, ó sì mú sípánà láti fún un pinpin, ni oníbàárà bá pè é láti ìta pé àwọn ti dé. Ó ní, "Mò ń bọ̀." Ó ti sípánà bọ àpò ẹ̀yìn, ó jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó rọ ọ́ìlì tuntun, òun àti àbúrò rẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì, ó sì tún jáde lọ wọn pákó láìrántí fún un pinpin. Nọ́ọ̀tì tú, ọ́ìlì dà sínú ìyẹ̀fun pákó, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí àbúrò rẹ̀ bá dúró kó kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n ni, ì bá ti kú pátápátá. Ó pa á kó má baà kú. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń pariwo lé e lórí, sípánà wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n.

Ó pe Aránṣọ. Ó ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. "Ìyàwó wa, ǹjẹ́ ó sọ ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fún ẹ?"

"Ó ní ọ́ìlì ló jò. Mo ní kí ló fà á, ó ní nọ́ọ̀tì ló tú. Mo ní ta ló tú u, ó ní nọ́ọ̀tì máa ń tú fúnra ẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ títí tó fi lọ. Ṣé kì í tú fúnra ẹ̀ ni?"

Èyí ni ibi tí inú ti máa ń bí mi sí Jẹ́-ó-tutù jù. Ó ní ẹnu, ó ní àyè, ìyàwó olóògbé sì dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń tú nígbà míì," ó sì ju nọ́ọ̀tì náà sínú àpò. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tiẹ̀ tà lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun àti dísẹ́ẹ̀lì tuntun. Òjò ti dá. Wẹ́dà fa àkísà yọ lẹ́nu páìpù èéfín, ó sì ní òun á bá wọn fi ọmọ irin sílẹ̀.

"Rárá," Aránṣọ ní. "Ibo ló máa ń dúró sí?"

Jẹ́-ó-tutù tọ́ka síbẹ̀. Aránṣọ lọ dúró níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró, ó di ọmọ irin náà mú pẹ̀lú ìka tó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún di abẹ́rẹ́ mú. Jẹ́-ó-tutù bẹ̀rẹ̀, ó yí i, ó yí i.

"Fi sílẹ̀!"

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín funfun, ó dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wẹ́dà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín," Jẹ́-ó-tutù kò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Òógùn ti gba ojú rẹ̀. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún ti ilẹ̀, ó yí i, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wílì ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hùn.

"Fi sílẹ̀!"

Gbù. Gbù. Gbù-gbù. Gbù-gbù-gbù-gbù-gbù.

Ilẹ̀ mì. Eruku ọdún mọ́kànlá jábọ́ láti àjà sí wọn lórí. Wẹ́dà gbé ọwọ́ sókè, ó sáré jáde lọ ń pariwo fún gbogbo àdúgbò pé ó ti jí o, ó ti jí. Aránṣọ ń sọ̀rọ̀, ariwo kò jẹ́ kí Jẹ́-ó-tutù gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ léraléra. Kò pa á. Ọkọ mi ò pa á.

Jẹ́-ó-tutù gbé etí sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń gbọ́ àìsàn nínú irin, ó sì ń gbọ́ nísinsìnyí pẹ̀lú gbogbo ara, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìkọlù kékeré kan ṣoṣo, ohun kan tó ń ha, ohun kan tó ń gbọ̀n, kí ó lè ní, ẹ ò gbọ́, ó ti bàjẹ́ díẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí. Ohùn náà mọ́ tónítóní, bó ṣe wà láyé bàbá wọn.

Ó nawọ́ síbi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń wọlé, ó tì í. Wílì náà rọra ń yí, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ilé dákẹ́.

Ó yọ nọ́ọ̀tì náà nínú àpò, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Aránṣọ, ó sì fi ìka obìnrin náà pa dé lé e lórí. "Nọ́ọ̀tì kì í tú fúnra ẹ̀, ìyàwó wa. Èmi ni mi ò fún un pinpin. Ó mọ̀. Ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

Aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀ tó di nọ́ọ̀tì náà mú.

"Kí ló dé?" Wẹ́dà ké láti ìta. Ó ti kó èrò lẹ́yìn bọ̀. "Ó mà ń ṣe dáadáa! Ta ló pa á?"

"Èmi ni," Jẹ́-ó-tutù dáhùn. Ojú obìnrin náà ló ń wò. "Èmi ni mo pa á."

Wẹ́dà ní kò burú, kí wọ́n tún jí i.